Fíìmù Márùn-ún fún Ìyá Sewanu

Ní Iworo, lẹ́bàá òkun, ẹsẹ̀ Ìyá Sewanu ẹlẹ́ja yíyan rọ́ létí omi, ló bá di ẹni tí ń jókòó sílé wo tẹlifíṣọ̀n. Mukhtar ará Ibereko, tó fẹ́ fi Sewanu ṣaya, kó fíìmù òkè òkun márùn-ún sínú fíláàṣì ránṣẹ́ sí i, kí inú ìyá lè dùn. Inú ta ni? Lónìí ó wá gbọ́ èsì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn iwájú ilé.

MUKHTAR: A fọ́n gànjí à, mà?

ÌYÁ SEWANU: Sewanu ló kọ́ ẹ nìyẹn. Fi Yorùbá rẹ kí mi, má ba èdè Ègùn mi jẹ́. Dìde.

(Mukhtar dìde, ó ń gbọn iyanrìn nù. Àga kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù níta, ẹsẹ̀ ìyá ló wà lórí rẹ̀.)

MUKHTAR: Ẹ ṣé, mà. Mo ní kí n wá gbọ́ bóyá àwọn èèyàn mi lè wá tọrọ Sewanu lẹ́yìn Iléyá.

ÌYÁ SEWANU: Ọ̀rọ̀ fíìmù la ó kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó kó irú ìranù yẹn wá fún mi, kí n mọ irú èèyàn tó jẹ́.

MUKHTAR: Ìranù ni wọ́n, mà.

ÌYÁ SEWANU: Ti Faransé. Tọkọtaya jókòó ti oúnjẹ, wọn ò jẹ ẹ́. Ọkọ ń wo fèrèsé. Ìyàwó ń wo fèrèsé. Èmi náà bá wọn wo fèrèsé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Fíìmù bá parí.

MUKHTAR: Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́, mà. Mo sùn lọ ni.

ÌYÁ SEWANU: Ti Íńdíà ńkọ́? Bàbá ọmọbìnrin na ìbọn sí ọmọkùnrin láyà, ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ orin! Gbogbo àwọn tó sì tò sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń jó, wọn ò níṣẹ́? Kí wọ́n wá síbí, mo nígi tí wọ́n máa là.

MUKHTAR: Ọ̀lẹ paraku, mà.

ÌYÁ SEWANU: Ti Kòríà. Ọmọkùnrin nífẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin, ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ. Ó lọ dúró sínú òjò. Òjò dá, ó dúró. Òjò tún dé, ó ṣì dúró. Agbòjò wà lọ́wọ́ rẹ̀ o! Kò ṣí i!

MUKHTAR: Kò lọ́gbọ́n, mà.

ÌYÁ SEWANU: Ti Amẹ́ríkà ló bí mi nínú jù. Ọkùnrin kan dá wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun, ó fẹ́ fi àwọ̀n mú ẹja tó tóbi bí ilé. Ó mú un tán, kò yan án! Ó fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ!

MUKHTAR: Òfò gbáà, mà.

ÌYÁ SEWANU: Ó wá ku ti Jàpáàn. Bàbá arúgbó ń dá jẹun. Ó bu oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, wọn ò wá. Ó fọ abọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún bù ú sílẹ̀, wọn ò wá. Ó fọ abọ́. Fíìmù abọ́ fífọ̀! Kò ní láárí.

(Mukhtar la ẹnu. Ó pa á dé.)

MUKHTAR: Kò... kò ní láárí, mà.

ÌYÁ SEWANU: (Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀.) Mukhtar! O ti bá wọn fa àwọ̀n létí òkun rí?

MUKHTAR: Rárá, mà. Iṣẹ́ wáyà iná ni mò ń ṣe.

ÌYÁ SEWANU: Okùn méjì ni àwọ̀n ní. Àwọn kan á fa ọ̀kan lápá ọ̀hún, àwọn kan á fa èkejì lápá ìhín, ẹja á há sáàárín. Bí gbogbo wọn bá rọ́ sídìí okùn kan, ẹja á gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ ní tirẹ̀. Láti ìgbà tí o ti dé, okùn mi lo ń bá mi fà. Bí Sewanu bá jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ dáná sun ilé yín, ṣé wàá máa bá a wá ìṣáná ni?

MUKHTAR: Mà, wọ́n ní a kì í bá ìyá ìyàwó jiyàn.

ÌYÁ SEWANU: Ìyàwó ta ni? Máa lọ sílé. Mú fíìmù Jàpáàn rẹ dání. Arúgbó yẹn, òpè ni.

MUKHTAR: Kì í ṣòpè! (Ohùn ara rẹ̀ dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n ó ti jáde.) Abọ́ tó ń gbé kalẹ̀ yẹn gan-an ni fíìmù náà! Nígbà tí mo wà ní Kútọnú tí mi ò wálé, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń bu tèmi sílẹ̀ lálaalẹ́. Ẹ ní kò ní láárí? Ṣebí Sewanu ní ẹ̀ẹ̀mejì lẹ wò ó, tẹ́ ẹ ń nu ojú, tẹ́ ẹ ní èéfín ni. Èéfín wo? Ààrò tí ẹ ò tíì dáná sí láti ìgbà tẹ́sẹ̀ yín ti rọ́!

(Mukhtar ń wo ọ̀nà tó gbà wá.)

ÌYÁ SEWANU: Sewanu! Gbé àga wá fún ọkọ rẹ!

(Àga dé wéré, bí ẹni pé ó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tipẹ́. Mukhtar jókòó.)

ÌYÁ SEWANU: Ẹ̀ẹ́n. Okùn kejì ti ní ọwọ́. Kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin tó kù yẹn, ìranù ni wọ́n.

MUKHTAR: (Ayọ̀ ti gbà á lọ́kàn.) Òótọ́ lẹ sọ, mà! Gbogbo ohun tí ẹ sọ pátá, òótọ́ ni!

ÌYÁ SEWANU: Sewanu, wá gbé àga yẹn padà.