Rọ́bà Ẹnu Ilé Ewúrẹ́

Àárọ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí n gbádùn ẹnu mi mọ́. Bí mo bá ti fẹ́ fọ́nnu báyìí, á kàn rọra yọ sí mi lójú, tòun ti kùrukùru funfun ẹ̀.

Iyah-Gbede nílẹ̀ Ìjùmú la wà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi oru gbígbóná se ìrẹsì kí wọ́n tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ tó ń bó èèpo ẹ̀. Bọ́ílà tó ń sọ omi di oru wà lápá kan, táǹkì ìrẹsì wà lápá kejì, páìpù irin kan ló sì ń gbé oru láti ibí dé ọ̀hún. Iṣẹ́ páìpù ni mò ń kọ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Súlè. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, torí pé àwọn tíṣà ń falẹ̀ jù fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun tí mo sọ fún gbogbo ayé nìyẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ nígbà yẹn, Ọ̀gá máa lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ẹnì kan péré ló sì máa mú dání nínú àwa ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ kó jẹ́. Mo ti ń lálàá hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹ́lò tí wọ́n máa fún mi dé.

Láàárọ̀ yẹn, gásíkẹ́ẹ̀tì páìpù ọ̀hún bàjẹ́, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń há sáàárín ojú irin méjì kí oru má bàa jò. Ìrẹsì Iye Dúpẹ́, ìyá tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin náà, sì ti wà nínú omi látàná. Tí kò bá rí oru lọ́jọ́ náà, kíkan ló máa kan.

"Mò ń lọ ra òmíràn ní Kabba," Ọ̀gá wí. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan o. Gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló lè gba oru. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Etí mi gbọ́ lóòótọ́. Ọkàn mi ló ti wà ní Mọ́ńdè.

Mo jókòó, mò ń wo èéfín ìdáná ilé kejì bó ṣe ń rọra gòkè lọ pàdé kùrukùru lórí òkè. Ara mi fúyẹ́. Nínú èéfín yẹn mo rí ara mi tí mo dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, táwọn èèyàn ń pè mí ní injiníà. Bí mo ṣe yíjú báyìí, rọ́bà ni mo rí.

Rọ́bà tó nípọn ni, irú èyí tí wọ́n máa ń so kọ́ sẹ́yìn táyà tírélà kó má bàa ta ẹrẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́. Mo rò ó wò: rọ́bà tó bá tírélà sáré lórí títì gbígbóná láti Èkó dé Àbújá, kí ni oru ìrẹsì fẹ́ fi ṣe é? Mo já a. Mo gbé e lé ojú irin, mò ń fi òòlù kàn án létí yíká, kó, kó, kó, bí Ọ̀gá ṣe máa ń ṣe é, títí tó fi gé. Mo há a, mo fún bóòtù, mo wá ti omi tútù gba inú páìpù. Ẹ̀kán kan ò jò!

"Iye, ẹ dáná!"

Iye Dúpẹ́ wo páìpù, ó wò mí. "Ọmọ mi, ká dúró de ọ̀gá ẹ."

"Hàbá, Iye! Ṣé omi jò ni? Àbí ẹ fẹ́ kí ìrẹsì yín kan?"

"Ẹnu rẹ gbóná ju bọ́ílà lọ," ló wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìrẹsì ń bà á lẹ́rù. Ó dáná.

Oru bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo káwọ́ sẹ́yìn, mò ń rìn lọ rìn bọ̀ bí ọ̀gá. Nígbà tó yá, òórùn kan dé.

"Kí ló ń jóná?"

"Kò sí nǹkan, Iye. Ara rọ́bà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọlé ni."

Nǹkan dúdú ti ń yọ jáde láàárín irin bí ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Mo ní kí n fún bóòtù sí i. Bí mo ṣe ń fún un ni ahọ́n ń gùn sí i.

Fììììì!

Ọlọ́run ló yọ mí, òkè ni oru gbà tú. Mo fò sẹ́yìn, ó di jàbú nínú kòtò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rẹ ìrẹsì tó kù sí. Gbogbo ibẹ̀ funfun. Mi ò rí ọwọ́ mi. Ohùn àwọn obìnrin ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn bí ohùn inú àlá. Mo gbà pé mo ti kú. Ó sì dùn díẹ̀, ẹ má bínú: omi tutù, ara mi lé lórí ìrẹsì, nǹkan kan sì ń rọra jẹun létí mi.

"Áńgẹ́lì," mo ní, "ṣé o ti dé?"

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Òbúkọ ni. Ṣé èmi náà ni mo já ilẹ̀kùn wọn. Gbogbo ẹbí ẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá.

Iye Dúpẹ́ ló fa igi kúrò nídìí bọ́ílà. Kùrukùru ń ká lọ nígbà tí Ọ̀gá Súlè sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

"Okun o!" ló kí wa. Òbúkọ nìkan ló dá a lóhùn.

Ọ̀gá mú rọ́bà tó ti yọ́ nílẹ̀. "Kí lo fi dán an wò?"

"Omi tútù, sà."

"Ta ló ní omi tútù ló fẹ́ gbabẹ̀?"

Ó yọ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nínú nálọ́ọ̀nù, dúdú, wáyà wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀. Ẹnu mi ò gbọ́n: "Sà, kò tín-ín-rín jù?"

"Ó tín-ín-rín. Àmọ́ ó mọ iná."

Ó dúró kí irin tutù, ó ha rọ́bà mi kúrò, ó há tiẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ìrẹsì ti jinná. Iye Dúpẹ́ ní òun ti dárí ji àwọn ewúrẹ́. Òun ò tíì ronú dórí tèmi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ̀ tó gbé Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ mìíràn kọjá níwájú mi. Ẹnu ilé ewúrẹ́ ni mo wà, mò ń kan ilẹ̀kùn pákó. Òbúkọ dúró, ó ń jẹnu, ó ń wò mí.

Látìgbà náà, kí n tó gé gásíkẹ́ẹ̀tì, màá kọ́kọ́ bèèrè: kí ló fẹ́ gbabẹ̀ kọjá, báwo ló ṣe gbóná tó? Mo sì ti wá mọ̀ ọ́n gan-an o. Ní gbogbo Ìjùmú pátá, bóyá lẹ máa rí ẹni tó mọ gásíkẹ́ẹ̀tì tó…

Ẹ wò ó, kùrukùru yẹn ti tún dé. Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín, kí n dákẹ́.