Lọ́yà Tí Kò Rí Ẹjọ́ Rò

Ẹjọ́ tó dé ojúde Olóyè Lágúnjú ní Ìlódè lánàá, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín rẹ̀ pa àwọn ìjòyè. Baba Oyèwọlé, onílé, ló mú ayálégbé rẹ̀ wá. Akínkúnlé lorúkọ ọmọkùnrin náà. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ilé-ẹ̀kọ́ òfin l'Ékòó dé, tó gbé pátákó lọ́yà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, tẹ́nikẹ́ni ò sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ilé mi ti dàrú," ni onílé wí. "Mojíre àti Bàrákàt, àwọn ayálégbé mi tí wọ́n jọ ń dáná pọ̀, wọn ò kí ara wọn mọ́. Lọ́yà yìí sọ fún Mojíre pé ewúrẹ́ Bàrákàt ló jẹ ẹ̀pà tó sá sóòrùn, kó pè é lẹ́jọ́. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sọ fún Bàrákàt pé Mojíre ń ba ewúrẹ́ rẹ̀ lórúkọ jẹ́, kóun náà pè é lẹ́jọ́. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ bá rojọ́."

Olóyè wo Akínkúnlé. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ò gbin nǹkan, kí ni yóò kórè? Ẹjọ́ ni mo gbìn."

"Kí ló dé tó ò wáṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà àgbà?"

"Mo wá a títí dé Òṣogbo. Lọ́yà pọ̀ níbẹ̀ ju ẹjọ́ lọ. Ọ̀kan gbà mí, ó ní kí n máa gbé báàgì òun lọ sí kóòtù. Nígbà tí mo béèrè owó oṣù, ó ní ṣé orúkọ òun ò tó mi jẹ ni."

Àwọn ìjòyè mi orí. Wọ́n pe Mojíre.

"Ṣé o fojú ara rẹ rí ewúrẹ́ náà?"

"Mi ò rí i, Bàbá. Lọ́yà ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi. Ó ní ó dúdú, ó sì nírùngbọ̀n."

"Ewúrẹ́ tèmi funfun ni," ni Bàrákàt wí. "A sì ti pa á jẹ nígbà Iléyá. Mojíre gan-an jẹ níbẹ̀."

"Mo jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà mi dín kù lóòótọ́."

"Bàrákàt," ni Olóyè wí, "ewúrẹ́ tó ti kú, ẹjọ́ kí lo fẹ́ pè lé e lórí?"

"Lọ́yà ní bíba òkú lórúkọ jẹ́ ló burú jù."

Olóyè yíjú padà. "Akínkúnlé, ta ló wá jẹ ẹ̀pà?"

Akínkúnlé tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Bàbá, lábẹ́ òfin, ẹnikẹ́ni ò lè fipá mú mi jẹ́rìí ta ko ara mi."

Ẹ̀rín sọ. Baba Oyèwọlé gbàgbé pé inú ń bí òun. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Akínkúnlé fi ohùn kékeré sọ pé ebi ló pa òun.

Olóyè dájọ́. "Mojíre yóò fún un lóúnjẹ lónìí, Bàrákàt lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá bára wọn jà, ohun yòówù kó fà á, Lọ́yà ò ní jẹun."

"Bàbá," ni Mojíre wí, "èmi tí wọ́n jẹ lẹ́pà, èmi náà ni màá tún bọ́ ọ?"

"O ti ń bọ́ ọ tipẹ́. Ìwọ ni o ò mọ̀."

Nígbà tí mo gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá láàárọ̀ yìí, Akínkúnlé ló ń fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò wọn, ó ń sọ fún Bàrákàt pé Mojíre yìn ín títí ilẹ̀ fi ṣú.