Wọ́n Ní Ìbejì Ló Mú Ẹsẹ̀ Mi Wú

Ọjọ́ kan wà tí kò jẹ́ kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo wọ bàtà ọkọ mi lọ sí mátánítì ní Fìdítì. Mo ti bímọ mẹ́rin nígbà náà, oyún karùn-ún ló wà nínú mi, ó sì ti lé lóṣù méje. Ẹni tó ti bí mẹ́rin, ṣé wọ́n tún ń kọ́ ọ ní oyún ni? Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn.

Ọsàn ni mò ń tà létí títì. Kì í ṣe iṣẹ́ tó le, àmọ́ ó ń rẹni. Bí mọ́tò bá ti rọra, o ó gbé àtẹ sáré. Bí kò bá dúró, o ó gbé e padà. Oyún yẹn wá jẹ́ kó rẹ̀ mí kọjá bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Mo fojú fò ó, torí ẹsẹ̀ aboyún tó ń dúró lóòrùn, kí ni kò ní wú? Nígbà tó yá, ọwọ́ náà wú, òrùka ìgbéyàwó há mọ́ mi níka. Mo fi ọṣẹ fà á títí, ọṣẹ tán, òrùka ò jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà mi kan láti Awẹ́ fi dúró níwájú mi, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ìyá Dúpẹ́ dà?"

Èmi ni Ìyá Dúpẹ́ tó ń wá.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi gan-an. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi, méjì ni wọ́n. Ọmọ kan ṣoṣo kì í mú èèyàn wú báyìí."

"Màámi, orí tún ń fọ́ mi."

"Orí ẹyọ kan ń gbé ẹni méjì, o ní kó má fọ́?"

Bí mo ṣe di Ìyá Ìbejì nìyẹn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti se ẹ̀wà, wọ́n pe àwọn ọmọ àdúgbò jọ, wọ́n ń bù ú fún wọn, ṣebí ẹ̀wà làwọn ìbejì fẹ́ràn. Èmi náà jẹ níbẹ̀. N ò ní purọ́, ó dùn.

Àmọ́ orí ò yéé fọ́. Mo fi gèlè dì í pinpin, mo lo oògùn, kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ti ọsàn mi, ojú mi ń ṣú, ọsàn kan ń di méjì. Awakọ̀ kan na ọwọ́ jáde láti gba ọsàn, mo kó o lé ọwọ́ tí kò sí níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yí lọ sábẹ́ mọ́tò.

"Ìyá, ṣé ẹ ti mu ẹmu láàárọ̀ yìí ni?"

"Oyún ni mo ní, ọ̀gá, n ò mutí."

Mo délé, mo ròyìn fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "O ò rí i? Wọ́n ti ń fara hàn ọ́ ní méjì méjì." Ẹ bá mi wo àgbà obìnrin bí èmi, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kílíníìkì ló mọ́ lọ́jọ́ kejì ẹ̀. Ó rẹ̀ mí débi pé n ò fẹ́ lọ, àmọ́ èmi ni mo máa ń dá orin fáwọn aboyún, n ò sì lè fi ipò yẹn sílẹ̀ fún Ìyá Rẹ̀mí tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́. Kò sí bàtà mi tó gba ẹsẹ̀ mi mọ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà dúdú ọkọ mi, mò ń wọ́ ọ lọ. Bí mo ṣe wọlé, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìbejì, ṣé Bàbá Dúpẹ́ ló wá gba àyẹ̀wò lónìí?"

Mo ní kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n gbè. Mo di ojú, mo dá orin tí nọ́ọ̀sì kọ́ wa:

Bórí bá ń fọ́ ọ tí kò dáwọ́ dúró,
Bójú bá ń ṣú, tọ́wọ́ tojú ń wú,
Aboyún, má jókòó sílé.

Kò sẹ́ni tó gbè. Mo la ojú. Gbogbo wọn ń wo ojú mi, wọ́n ń wo ọwọ́ mi, wọ́n ń wo bàtà. Ìyá Rẹ̀mí ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ìyá Dúpẹ́, ara yín mà lẹ ń kọ lórin yẹn."

Nọ́ọ̀sì dé. Òun ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó. Ṣé orí ń fọ́ yín?"

"Díẹ̀."

"Ojú ńkọ́?"

"Ọsàn ló ń di méjì."

"Kí ló dé tẹ́ ò wá?"

"Ọjọ́ kílíníìkì ni mò ń dúró dè."

"Àìsàn mọ ọjọ́ kílíníìkì?"

Ó so nǹkan mọ́ mi lápá, ó fún un, ó wò ó, ó tún fún un. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀jẹ̀ yín ti ru jù. Bí a bá jókòó síbí, gìrì lè gbé yín, ẹ̀yin àti ọmọ." Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi, bóyá ọmọ á yí. Kò yí.

Mọ́tò tó ń kó ọsàn lọ sí Ọ̀yọ́ ni wọ́n dá dúró. Àárín ọsàn ni wọ́n tẹ́ mi sí. Gbogbo ibi tí mọ́tò bá ti bọ́ sí kòtò, ọsàn á wó lù mí, Ìyá Rẹ̀mí á máa kó o kúrò, á máa pe orúkọ mi kí n má baà sùn. Ní ọsibítù, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin ni, kékeré bí òròmọdìyẹ. Ó pẹ́ kó tó ké. Ó ké ṣá.

Ìyá ọkọ mi dé, wọ́n wo ọmọ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá yíjú sí dókítà. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ tún inú rẹ̀ wò dáadáa. A ti se ẹ̀wà."

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Inú ríru àti ẹ̀yìn dídùn, ẹ lè fi wọ́n sùn. Orí tó ń fọ́ tí kò gbọ́ oògùn, ojú tó ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó ń dà, ọmọ tí kò yí mọ́: ẹ má bi ìyá ọkọ, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Ẹ dìde.

Ọmọbìnrin yẹn ti di abiyamọ. Nígbà tó lóyún, àárọ̀ ọ̀sán alẹ́ ni mò ń bi í pé ṣé orí ń fọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Màámi, ìbéèrè yín nìkan ló ń fọ́ mi lórí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀.