Bí Fọlárànmí Jórinjórin Ṣe Ra Eré Tí Kò sì Rí Ẹni Bá Ṣe É

Ta ni nínú yín ló mọ ìdí tí àwọn àgbà àdúgbò wa fi ń pa á lówe pé, "Eré ṣeé fowó rà, ẹni à ń bá ṣeré ni kò ní ọjà"?

Mo rí ọwọ́ tó nà sókè lẹ́yìn yẹn. Rọra gbé e sílẹ̀, mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé òwe àtayébáyé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ṣì wà láyé, ó sì ń jó irin ní Ìsàlẹ̀-Ògbún títí di òní. Ẹ fara balẹ̀, n ó ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Ọ̀rẹ́ méjì kan wà. Èkínní ni Fọlárànmí, jórinjórin tó ń ṣe géètì àti fèrèsé onírin. Èkejì ni Jìnádù, télọ̀, ẹlẹ́nu mímú, tó lè fi ọ̀rọ̀ gé èèyàn ju bó ṣe ń fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ lọ. Àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n ti fi ọmọ fọ́kọ. Síbẹ̀, bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, Fọlárànmí á bọ́ awò dúdú kúrò lójú, Jìnádù á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n á sì pàdé ní ilé géèmù Àǹtí Rìsí.

Bí ẹ ò bá mọ ilé géèmù, yàrá kan ni, tó ní tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta àti bẹ́ǹṣì mẹ́ta. Ẹni méjì á jókòó, oníkálukú á mú páàdì lọ́wọ́, á máa tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n á sì máa sá kiri bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Òfin kan wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé òfin yìí: ẹni tó bá fìdí rẹmi ló ń sanwó fún àwọn méjèèjì.

Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí Fọlárànmí ti ń sanwó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lásìkò ọyẹ́, ó ń tú àpò wá igba náírà bó ṣe máa ń ṣe, ló bá fajú ro.

"Géèmù yìí ti wọ́n jù," ó ní. "Iṣẹ́jú mẹ́wàá péré! Kí ni mo wá mú lọ sílé nínú ẹ̀? Bó bá jẹ́ ẹ̀wà ni mo fi owó yìí rà, inú èèyàn á kún."

"Ó wọ́n kẹ̀?" ni Jìnádù wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbá a, èmi ò tíì rí i kó wọ́n rí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Rìsí gba owó lọ́wọ́ Fọlárànmí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ má bínú. Géèmù kọ́ ló wọ́n. Ìka yín ló wúwo. Ìka tí ẹ fi ń gbé irin náà lẹ tún fi ń tẹ bọ́tìnnì."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ni Jìnádù dá ẹsẹ̀ dúró.

"Jórin," orúkọ tó ń pè é nìyẹn, "mo ti lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà ní àrùn tó wà lójú mi yìí, ibi tó bá ti jẹ kì í padà bọ̀ sípò mọ́. Oògùn tí mò ń kán sí i kàn ń bá a fa okùn ni. Ó lè tó ọdún kan. Ó lè má tó."

Fọlárànmí wá rántí pé ó ti tó oṣù méjì tí ẹni tó bá wá gba aṣọ lọ́wọ́ Jìnádù máa ń kọ́kọ́ bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Àwàdà ni gbogbo ènìyàn pè é.

"Jẹ́ ká máa gbá a lójoojúmọ́," ni Jìnádù wí. "Mo fẹ́ gbá a títí tí á fi sú mi, kí ilẹ̀ tó ṣú fún mi. Èmi ni n ó máa sanwó, ì báà jẹ́ èmi ló borí, ì báà jẹ́ ìwọ."

"Kí ìwọ máa sanwó fún mi? Lójú Àǹtí Rìsí? Láé! Ẹni tó fìdí rẹmi ló ń sanwó. N ó ra tiwa. N ó gbé e sí pálọ̀ mi, a ó máa gbá a láàárọ̀, a ó máa gbá a lọ́sàn-án, láìsan kọ́bọ̀."

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ṣé ìwà burúkú ni Fọlárànmí hù? Rárá. Ìfẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbéraga díẹ̀ ló dà pọ̀ mọ́ ọn, bí iyọ̀ tó pọ̀ díẹ̀ nínú ọbẹ̀ tó dáa. Ó kàn gbàgbé láti bi ara rẹ̀ pé ta ni ojú Jìnádù máa dúró dè.

Ohun tó kọ́kọ́ tà ni géètì ilé ara rẹ̀. Géètì yìí, òun fúnra rẹ̀ ló jó o, ó ya ẹyẹ ọ̀kín méjì sí i lára, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbídùn, ti ọjà dé, ó bá ojúlé tó ṣí gbayawu.

"Bàbá Ìbídùn, olè ti gbé géètì wa lọ!"

"Kì í ṣe olè. Èmi ni."

"Ẹ gbé e lọ síbo?"

"Mo fi ra eré."

Obìnrin náà wò ó, ó wo ojúlé, ó wo ewúrẹ́ àdúgbò mẹ́rin tó ti wọlé, tó ń yẹ ilé wò bí ẹni tó fẹ́ gba yàrá. Ó mú ìgbálẹ̀ ó lé wọn jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ewúrẹ́ wọlé nìyẹn.

Ẹ̀rọ géèmù dé, tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń dán. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé tẹlifíṣọ̀n Fọlárànmí, ògbólógbòó tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ìkòkò, kò ní ihò tí wáyà ẹ̀rọ náà lè wọ̀. Ẹni tó tà á fún un ní kó lọ ra tẹlifíṣọ̀n mìíràn. Fọlárànmí rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Mélòó ni mo ti jó mọ́ra láyé mi? Wáyà lásán!" Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wọ pálọ̀. Ẹ ò nílò kí n sọ ìyókù fún yín. Èéfín yẹn pọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò gbé omi wá. Ó ra tẹlifíṣọ̀n tuntun.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Jìnádù wá.

"Jórin, mo ṣì ń rí àwọn agbábọ́ọ̀lù, àmọ́ bọ́ọ̀lù gan-an ti ń sá mọ́ mi lójú. Dìde, jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Rìsí."

"Mú sùúrù, ọ̀rẹ́ mi. Tẹlifíṣọ̀n ti dé. Iná ló kù."

Iná ìjọba ń wá, ó ń lọ, bí àlejò tí kò mọ ilé tó fẹ́ kí. Fọlárànmí ra jẹnẹrétọ̀. Láti rí owó yẹn, ó gba iṣẹ́ fèrèsé méjìlélógún ní ìlú kejì, ó lo oṣù méjì gbáko níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó mú páálí géèmù tí wọ́n tà mọ́ ẹ̀rọ náà, ike pẹlẹbẹ tí eré wà nínú rẹ̀, ó fi í bọ inú ẹ̀rọ, ó jókòó, ó ń retí pápá bọ́ọ̀lù.

Oko ló rí. Àgbàdo. Ọkọ́ kan wà nílẹ̀.

Eré àgbẹ̀ ni wọ́n tà fún un! Ẹ rántí pé ọkùnrin yìí ti sá kúrò ní oko kòkó bàbá rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó wá ta géètì, ó jó tẹlifíṣọ̀n, ó ra jẹnẹrétọ̀, kí ó lè lọ roko ní pálọ̀ ara rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ọkọ́ sọ lulẹ̀. Ó tẹ òmíràn, òjò bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbídùn yọjú láti ẹ̀yìn ilé, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ oko o."

Bí ó ti ń wá ẹni tí yóò bá a pààrọ̀ páálí yẹn ni Jìnádù wá lẹ́ẹ̀kejì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba díẹ̀ fún dúrọ́ọ̀mù omi. "Ìyá Ìbídùn, ẹ kú ilé o." Dúrọ́ọ̀mù kò dáhùn. Ó tún kí i. Ó yíjú sí ibi tí ohùn Fọlárànmí ti ń bọ̀, ó ní, "Jórin, kí ni mo fi ṣẹ ìyàwó rẹ?"

Fọlárànmí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Jẹ́ ká lọ lónìí," ni Jìnádù wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Páálí kan ló kù! Ọ̀rẹ́ mi, páálí kan ṣoṣo! Bí o bá tún wá, ó ti parí."

Jìnádù kò tún wá mọ́.

Ìyá Ìbídùn sọ ọ́ títí. "Bàbá Ìbídùn, ẹ ò ṣe lọ wo ọ̀rẹ́ yín? Ó ti pẹ́ tó ti wá." Èsì kan náà ni Fọlárànmí ń fún un: "Ọjọ́ tí mo bá parí ẹ̀ ni n ó lọ. Mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni."

Ọjọ́ náà dé nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Páálí bọ́ọ̀lù wọ inú ẹ̀rọ, pápá tútù yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn èrò ń hó. Fọlárànmí sáré lọ sílé Jìnádù láìwọ bàtà, ó bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Eré tí Fọlárànmí sá ti yí ohùn rẹ̀ padà.

"Ó ti parí! Dìde!"

Jìnádù gbé orí sókè. "Ta nìyẹn?"

Fọlárànmí sún mọ́ ọn. Jìnádù wá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó fọwọ́ kan àpá iná tó wà níbẹ̀. "Áà, Jórin. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ilẹ̀ ti ṣú fún mi. O ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ mú mi lọ."

Ó mú un lọ́wọ́ gba àárín àdúgbò. Ó fi í jókòó, ó fi páàdì lé e lọ́wọ́. "N ó máa sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà fún ọ," ni ó wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Ó wà lápá òsì rẹ. Tẹ̀ ẹ́! Òsì, mo ní!"

Jìnádù ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ dúró lójú kan bí òpó iná. Fọlárànmí gbá kan wọlé. Ó gbá ìkejì. Láti ọdún mọ́kànlá, kò tíì borí rí, àfi bí ẹni pé ìka rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jó. Kò mọ ìgbà tó gbàgbé ara rẹ̀. "Góòòlù!" ló ń ké, ó ń fò sókè, ó ń lu àga. Ìgbà tó di ẹ̀kẹsàn-án ló wo ẹ̀gbẹ́, ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dojú kọ ògiri dípò tẹlifíṣọ̀n. Ohùn gé e lẹ́nu.

"Ìró ti dákẹ́," ni Jìnádù wí. "Ṣé ó ti parí? Mélòó ni?"

"Mẹ́sàn-án sí òdo."

"Ta ló gbá mẹ́sàn-án?"

Fọlárànmí gbé páàdì tirẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ ni."

Jìnádù rẹ́rìn-ín títí ó fi ń di ìhà mú. "Òpùrọ́! Jórin, wáyà páàdì yìí ti gé. Láti ìgbà tí mo ti jókòó ni mo ti fọwọ́ tẹ̀lé e, mo dé ibi tí eyín ewúrẹ́ dé."

Òótọ́ ni. Bí Fọlárànmí ti sáré jáde ni àwọn ewúrẹ́ wọlé. Kò kúkú sí géètì.

"Kí ló dé tí o wá ń tẹ̀ ẹ́?"

"Mi ò gbọ́ ọ kí o pariwo góòlù rí. Mo ní kí n gbọ́ ọ tó."

Fọlárànmí fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Bó bá jẹ́ pé ẹkún lò ń sun," ni Jìnádù wí, "rọra sun ún. Etí mi ti mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Fọlárànmí kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ: géèmù, tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀, títí kan oko àgbàdo. Ọlọ́jà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yà á lẹ́nu.

"Bàbá, kí ló ṣe é?"

"Wáyà kan ni ewúrẹ́ jẹ. Kò sí ohun mìíràn tó ṣe é."

"Ẹ̀rọ tó dáa báyìí, ẹ fẹ́ tà á ní ìdajì? Kí lẹ wá ń wá?"

Fọlárànmí ronú díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Ǹjẹ́ ẹ ń ta ẹnìkejì? Télọ̀ ni kó jẹ́, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ẹlẹ́nu mímú, tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Bí ẹ bá ní in, ẹ máa kó gbogbo ẹrù yìí lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọlọ́jà rò pé àwàdà ni. Ó ké sí ìsọ̀ kejì, "Alàgbà, ṣé ẹ ní télọ̀ tà?" Ìsọ̀ kejì dáhùn pé fíríìjì ni òun ní. Wọ́n ké sí ìkẹta. Ẹni yẹn ní òun ta èyí tó kẹ́yìn lánàá, tòkunbọ̀ ni, ó sì ń mu epo jù. Ọ̀rọ̀ náà lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ títí dé òpin ìlà, gbogbo ọjà ń wá télọ̀, wọ́n ń ṣí páálí, wọ́n ń wo ẹ̀yìn fáànù, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Fọlárànmí dúró láàárín wọn, ó ń dúró dè wọ́n lóòótọ́. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn dáhùn pé kò sí, ó mi orí, ó gba owó rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan jáde, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Títí di òní, bí oníbàárà bá ń ṣàròyé níbẹ̀ pé géèmù ti wọ́n jù, ìsọ̀ kan á bi èkejì pé, "Ṣé ẹ sọ fún un pé télọ̀ kò sí nínú ẹ̀?" Èkejì á sì dáhùn ní ohùn Fọlárànmí, láìrẹ́rìn-ín: "Eré ṣeé fowó rà, ẹni à ń bá ṣeré ni kò ní ọjà."