Ṣóyẹmí Dágbére Kí Ọkọ̀ Tó Dé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí tẹ́ ẹ ń jẹ ẹ̀pà, ta ni nínú yín ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń pa á lówe pé "à á rí ọkọ̀ ká tó dágbére"? Kò sí? Gbogbo irùngbọ̀n yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n? Ó dáa. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ má sì rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ òkú ni, ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, màá dákẹ́, màá wò ó títí á fi rín in tán.

Ọkùnrin kan wà ní Òkè-Ọ̀sà tó ń jẹ́ Ṣóyẹmí. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kọjá oko rí. Àbúrò ẹ̀ kan ṣoṣo, Ṣọlápé, ọmọ ìyá ẹ̀, lọ lọ́kọ ní erékùṣù Alágbọn, ilẹ̀ kan tí omi òkun yí ká, tó jẹ́ pé igi àgbọn ibẹ̀ ju èèyàn ibẹ̀ lọ. Ọdún méjìlá ni Ṣọlápé fi wà níbẹ̀ tí kò rọ́mọ bí. Ọdún méjìlá náà ló fi ń ránṣẹ́ sílé pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò mí." Ṣóyẹmí á ní òun ń bọ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn á dé, á ní ó di òjò.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Ọlọ́kọ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté. Òun nìkan ló ń tukọ̀ láti Òkè-Ọ̀sà lọ sí Alágbọn. Ó ní, "Ṣóyẹmí, àbúrò ẹ bímọ ọkùnrin láàárọ̀ àná. Ó ní tó bá di ọjọ́ kẹjọ, bí kì í bá ṣe ọwọ́ ẹ lo fi tọ́ oyin sí ọmọ yẹn lẹ́nu, òun ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láyé. Ọ̀túnla ni màá padà wá gbé ẹ."

Ṣóyẹmí bú sẹ́kún ayọ̀. Ó ní kò sóhun tó máa dá òun dúró lọ́tẹ̀ yìí.

Ó wá ku ká múra. Gbogbo Òkè-Ọ̀sà ló mọ bí wọ́n ṣe ń múra àtilọ sí Alágbọn, àfi pé kò sí ìkankan nínú wọn tó débẹ̀ rí. Bàbá Líjàdù, àbúrò bàbá Ṣóyẹmí, ló ṣáájú wọn.

"Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe irú tiwa yìí o. Ńṣe ló ń se èèyàn jinná. Gbé agboòrùn méjì dání."

"Bàbá, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí ni?"

"Mo fẹ́ẹ̀ lọ nígbà kan."

Ẹnì kan ní yanrìn ibẹ̀ ń jóni lẹ́sẹ̀, kó wá bàtà onígi. Ẹlòmíì ní oníyọ̀ ni gbogbo omi wọn, kó gbé ìkòkò omi mímu dání. Abọ́ṣẹ̀dé, ìyàwó Ṣóyẹmí, wo ọkọ ẹ̀ bó ṣe ń di ìkòkò omi fún ìrìn àjò orí omi. Ó wá oyin, orógbó, obì àti ataare ìsọmọlórúkọ, ó dì wọ́n sínú igbá, ó ní, "Ẹ má gbàgbé èyí. Ìyókù, tó bá wù yín kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni ìdágbére bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe máa ń ṣe é. Èèyàn ò kàn lè gbéra kó lọ. Ó gbọ́dọ̀ dágbére fún bàbá, fún ìyá, àti fún ẹni tó bá a jà. Agbo ilé mẹ́tàdínlógún ni Ṣóyẹmí wọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n fún un ní àádùn, wọ́n fún un ní kókóró, wọ́n tún fún un ní ẹja gbígbẹ, ẹni tó ń lọ sáàárín ẹja. Ó bá ẹni mẹ́rin parí ìjà. Ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀ṣínúbi, kúnlẹ̀, ó ní òun lòun jí ewúrẹ́ ẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣóyẹmí gbé e dìde, ó ní òun ti dárí jì í, torí òun ń lọ. Ẹ rántí ewúrẹ́ yẹn o.

Ọ̀túnla pé. Gbogbo àdúgbò sìn ín dé ìdí igi odán tó wà lójú ọ̀nà èbúté. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n sunkún, wọ́n padà sílé. Ṣóyẹmí nìkan jókòó ti ẹrù ẹ̀ létí omi. Oòrùn là, oòrùn dé àtàrí, oòrùn wọ̀. Ọkọ̀ ò dé.

Ẹ̀yin, kí lẹ̀ bá ṣe? Ẹ̀ bá rìn wọlé, ẹ̀ bá ní "ọkọ̀ ò dé," àbí? Ẹ ò gbọdọ̀ parọ́ níbí. Ẹni tí wọ́n fi ẹkún sìn láàárọ̀, tó ti gba àádùn lọ́wọ́ ilé mẹ́tàdínlógún, ojú wo ló máa fi wọlé nírọ̀lẹ́? Inú igbó ni Ṣóyẹmí gbà, ó yọ́ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé.

Abọ́ṣẹ̀dé ní, "Háà! Ṣé ẹ ò lọ mọ́ ni?"

"Ọkọ̀ ò dé. Rọra sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tí mo máa rọra sọ̀rọ̀ nílé ara mi?"

"Torí mi ò sí nílé."

Bó ṣe gun àjà nìyẹn. Òkè àjà, láàárín àpò èlùbọ́, ló ń gbé. Àràárọ̀ ni Abọ́ṣẹ̀dé ń lọ wo èbúté fún un. Ọjọ́ kìíní, Ṣóyẹmí jẹ àádùn tán. Ọjọ́ kejì, ó jẹ kókóró tán, ó jẹ ẹja, ó jẹ obì ìsọmọlórúkọ méjì, ó wá ń wo oyin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Abọ́ṣẹ̀dé dé èbúté, kò rí ọkọ̀, ó gba ibẹ̀ lọ sóko lọ hú ẹ̀gẹ́. Bó ṣe yí ẹ̀yìn báyìí ni Bàbá Ọlọ́kọ̀ gúnlẹ̀. Ilé Ṣóyẹmí ló gbà lọ tààrà.

"Ẹ n lẹ́ ńlé o! Ìjì ló dá mi dúró lójú òkun. Ṣóyẹmí dà? Ọ̀la lọmọ ń gborúkọ o, kó tètè jẹ́ ká lọ."

Bàbá Líjàdù yọjú, ó ní, "Ṣóyẹmí wo? Èyí tá a sìn lọ lọ́jọ́sí?"

"Ọkọ̀ ta ló wọ̀?"

"Ọkọ̀ ẹ ni."

"Èmi ò rí i o."

Bàbá Líjàdù káwọ́ lórí, ó ní, "Yéè! Omi ti gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ!"

Kí wọ́n tó wí báyìí, ilé ti kún dẹ́nu ọ̀nà. Ṣóyẹmí ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ lókè orí wọn. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó rántí àádùn. Ó ní lọ́kàn ara ẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ túká díẹ̀, kóun gba ẹ̀yìnkùlé sáré lọ sí èbúté. Wọn ò túká. Ńṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín.

"Èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

"Kò sẹ́ni tó mọ iṣu í gbìn bí i tiẹ̀."

"Ẹ ò rí i bó ṣe máa ń kí èèyàn?"

Ṣóyẹmí tẹ́tí. Ọdún méjìlélógójì ló fi bá wọn gbé, kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó ní kóun gbọ́ èyí tó kù. Ẹ má dá a lẹ́bi o. Múdàṣírù, ìwọ tí kò sẹ́ni tó yìn ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ, ká ní ìwọ ni, ṣé wàá sọ̀ kalẹ̀?

Bàbá Ọlọ́kọ̀ dìde, ó ní, "Oòrùn ti ń yí. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún àbúrò ẹ̀ pé kò ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Ìgbà yẹn layà Ṣóyẹmí já. Ó gbá igbá oyin mú, ó ń rá bọ̀ lẹ́nu àjà. Àsìkò yẹn gan-an ni Ọ̀ṣínúbi bú sẹ́kún: "Àánú ẹ̀ ló pọ̀! Ewúrẹ́ kan ni mo jẹ́wọ́, ó ní òun ti dárí jì mí. Méjì tó kù ni mi ò tíì sọ fún un!"

Ṣóyẹmí gbàgbé pé òkè àjà lòun wà. Ó dìde dúró. Igi àjà kán, àpò èlùbọ́ ya, ọkùnrin náà já sáàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀, ó funfun látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó gbé igbá dání, ó ní:

"Méjì tó kù wo?"

Gbogbo àwọn tó ń ké pé kó padà wá, kò sí ìkankan tó dúró wo ẹni tó padà wá. Ojú fèrèsé ni Bàbá Líjàdù gbà jáde, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ti ṣáájú gbogbo wọn.

Ṣóyẹmí gbá tẹ̀ lé e. "Bàbá Ọlọ́kọ̀, ẹ dúró! Mi ò tíì kú o!"

Bàbá Ọlọ́kọ̀ bẹ́ sínú ọkọ̀, ó fi àjẹ̀ ti ilẹ̀. "Kò sí àkúdàáyà tó máa ń gbà pé òun ti kú!"

Ṣóyẹmí wọ omi tẹ̀ lé e títí omi fi mù ún dé àyà. Ó dúró síbẹ̀, ó gbé oyin sókè orí, èlùbọ́ ń ṣàn lára ẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ títí ọkọ̀ fi kéré bí èèrà lójú omi. Ibẹ̀ ni Abọ́ṣẹ̀dé bá a, tòun ti ẹ̀gẹ́ lórí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Abọ́ṣẹ̀dé, ọ̀la lọmọ ń gborúkọ."

Obìnrin náà dì í lọ́wọ́ mú jáde nínú omi.

Ọjọ́ mẹ́tàlá ni Bàbá Ọlọ́kọ̀ ò fi gúnlẹ̀ sí Òkè-Ọ̀sà mọ́. Nígbà tó wá dé, àárín omi ló dúró sí, òun àti Abọ́ṣẹ̀dé ń fi igbe bára wọn sọ̀rọ̀, títí obìnrin náà fi ṣàlàyé pé òkè àjà lọkọ òun wà lọ́jọ́ náà. Ó ní kí Ṣóyẹmí tẹ ẹrẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò, torí wọ́n ní àkúdàáyà kì í ní ojú ẹsẹ̀. Ó tukọ̀ sún mọ́ etí omi díẹ̀, ó wo ojú ẹsẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ó dáa, kó wọlé. Àmọ́ iwájú mi ni kó jókòó sí, kí n máa rí i." Ṣóyẹmí ò gbé agboòrùn, kò gbé ìkòkò omi. Oyin nìkan ló gbé.

Wọ́n dé Alágbọn. Ṣọlápé rí i, ó lọgun, ó fọwọ́ pa á lójú, ó fọwọ́ pa á lórí, ó tún lọgun. Ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ náà figbe ta. Ìyá ọkọ ẹ̀ ké látinú ilé pé, "Ṣóyẹmí, ó tó, dákẹ́!"

Ṣóyẹmí ní, "Mi ò sunkún, mà."

Ṣọlápé ní, "Ọmọ ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n ní omi ti gbé yín lọ. Mo ní kí orúkọ yín má parun."

Ọkùnrin náà tọ́ oyin sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́nu. Ṣọlápé wá bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ilé lẹ wà nígbà tí ọkọ̀ dé. Kí ló dá yín dúró?"

Ṣóyẹmí ní, "Mo ti dágbére ni."

Bàbá Ọlọ́kọ̀ tó dúró lókèèrè, tí ara ò tíì tù tán, ló mi orí: "Ọmọ mi, à á rí ọkọ̀ ká tó dágbére."

Látìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ rìn ní Òkè-Ọ̀sà, á ti ẹsẹ̀ kan bọ inú ọkọ̀ ná, kó tó yíjú sílé kó ní ó dàbọ̀. Ọ̀ṣínúbi nìkan ni kò dágbére. Ọjọ́ tó sá lọ yẹn, kò tíì padà títí dòní.

Ìwọ náà ńkọ́, Múdàṣírù? Ó di ọdún kejì báyìí tó o ti dágbére fún wa pé ò ń lọ sókè òkun. O ti jẹ adìẹ ìdágbére mẹ́ta, ẹ̀yìnkùlé wa lo wá ń gbà kọjá láràárọ̀. A ti ń rí ẹ tipẹ́. Jókòó, máa jẹ ẹ̀pà. À á rí ọkọ̀ ká tó dágbére.