Pẹ́pẹ́yẹ Orí Àsíá

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, tẹ̀ríntẹ̀rín ni. Ìyá Ẹlẹ́pẹ́pẹ́yẹ ló gbé e wá, inú sì ń bí i débi pé kò rántí bọ́ bàtà tó fi ń gbálẹ̀ àgọ́ ẹyẹ. Ayàwòrán ìlú ló pè lẹ́jọ́.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí! Látìgbà tí pẹ́pẹ́yẹ ti dé orí àsíá ìlú, òfin ní a ò gbọdọ̀ pa á, a ò gbọdọ̀ lé e. Ta ló máa ra ẹran tí kò ní pa? Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi ti gba yàrá, wọ́n ti gba bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lèmi ń sùn!"

"Ayàwòrán, kí lo rí sọ?"

"Kábíyèsí, idì ni wọ́n ní kí n yà. Mi ò rí idì rí. Wọ́n ṣáà ní ẹyẹ tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni ni. Akọ pẹ́pẹ́yẹ màmá yìí sì lé mi wọ gọ́tà. Mo ní, ó parí, ẹyẹ ọ̀hún nìyí."

Ìyá pòṣé.

Wọ́n pe àwọn ìjòyè tó yan àwòrán náà. Ìjòyè àgbà ní, "Idì pọ́nńbélé ni mo rí."

Ìjòyè kejì fò dìde. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ sí mi létí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ̀ jù?"

"Èmi? Mo ní bàtà ló wọ̀!"

"Idì wo ló ń wọ bàtà?"

Ìyá ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ mọ̀ pé pẹ́pẹ́yẹ ni. Kí ló dé tí ẹ nawọ́ sókè?"

Ìjòyè kejì ní, "Ẹnì kan ló kọ́kọ́ pariwo pé, 'Ẹ wo idì!' Ta ló láyà láti ta kò ó?"

"Ta ni onítọ̀hún?" Kábíyèsí béèrè.

Gbogbo wọn dorí kodò. Ìyá nìkan ló ń wo Kábíyèsí lójú kòrókòró. Kábíyèsí wúkọ́.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ohun tí mo bá ti pè ní idì, idì ni. Idì ló wà lórí àsíá, idì lòfin ń ṣọ́. Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ò sí níbẹ̀. Ìyá, ẹ máa ta ẹran yín lọ."

Ayọ̀ gba ọkàn ìyá, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ayàwòrán náà ti ń yọ́ lọ.

"Ìwọ, dúró ńbẹ̀! Bí àlejò bá ní òun fẹ́ rí irú idì wa ńkọ́? Wọ igbó lọ. O ò gbọdọ̀ wálé àfi tóo bá mú idì ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, tó ń lúwẹ̀ẹ́, wá fún mi láàyè."

Ayàwòrán wolẹ̀, ó fẹ́ sunkún. Ìyá ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Kábíyèsí, mo ní ọ̀kan nílé tí mo lè tà fún un."