Ọ̀gá Ìmúra Lọ Sílé Iṣẹ́ Bisikíìtì

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù lórí kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tó dúró ti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, tó ń wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì, ẹ bá mi kí i. Ọ̀gá Ìmúra ni.

Òun ni yunifásítì wa fi ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń múra àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láti rí ibi ìkọ́ṣẹ́. Ìmúra méjì ló sì wà láyé: a ń fi aṣọ ṣe ọ̀kan, a ń fi orí ṣe ìkejì. Ti aṣọ nìkan ni ọ̀gá wa gbọ́.

"Èmi Ọ̀gá Ìmúra!" ni yóò máa wí káàkiri. "Èmi Abọ̀nilọ́wọ́-kíṣẹ́-bọ́-síni-lọ́wọ́!"

Ara rẹ̀ ló ń ki ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń ki ara rẹ̀ níwájú dígí, ọjọ́ tí dígí bá fọ́ ni yóò mọ̀ pé òun nìkan ló ti ń jó látàárọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá ò balẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ibi ìkọ́ṣẹ́ nínú ìsinmi gígùn, kò ní gboyè. Àfi bí ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ṣe ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀, òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò.

Ọ̀gá Ìmúra kó wọn jọ sí kíláàsì. Kí ló kọ́kọ́ kọ́ wọn? Bí a ṣe ń wọlé.

"Ẹ má fi àyà wọlé o. Èjìká ni kẹ́ ẹ fi wọlé. Ẹni tó bá fi èjìká wọlé, wọ́n á rò pé iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é níta."

Ọmọbìnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ọmọ Télọ̀, nítorí iṣẹ́ bàbá rẹ̀, nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe bisikíìtì gan-an?"

"Bisikíìtì? Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìbéèrè yòówù kí wọ́n bi yín, ẹ dárúkọ mi sí i. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀ rárá, ẹ rọra mi orí, kí ẹ ní, 'Ìbéèrè ìjìnlẹ̀ gbáà nìyẹn.'"

Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé ó ti ń lálàá àga kan. Ó fẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà gbọ́ orúkọ òun títí yóò fi sú wọn, kí wọ́n sì fi òun ṣe olùdámọ̀ràn àgbà, pẹ̀lú àga tó ń yí bírí.

Ọjọ́ pé. Máníjà ilé iṣẹ́ náà jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó fi nẹ́ẹ̀tì bo irun, ìyẹ̀fun sì wà nígùnpá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ fi èjìká wọlé, ó gbá àga ṣubú.

"Kí lo lè ṣe?" ni máníjà bi í.

"Gbogbo ohun tí Ọ̀gá Ìmúra kọ́ mi, mà."

"Kí ló kọ́ ọ?"

"Ìbéèrè ìjìnlẹ̀ gbáà nìyẹn, mà."

Ó di ẹnì kejì. "Bí ààrò bá ṣàdédé ń rú èéfín ńkọ́?"

"Màá rántí Ọ̀gá Ìmúra, mà."

"Ṣé panápaná ni?"

Nígbà tó kan ẹnì kẹta, máníjà ti ń wá ohun tó rọrùn. "Kí lorúkọ rẹ?" Jìnnìjìnnì ti bo ọmọ náà. Òun náà ní, "Ọ̀gá Ìmúra, mà."

Máníjà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ bá mi pe gbogbo wọn wọlé. Ẹ pe ọ̀gá náà mọ́ wọn."

Ọ̀gá tó ti lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn láti àárọ̀ rò pé àga ti dé. Ó de bọ́tìnì kóòtù méjèèjì, ó fi èjìká wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà," ni máníjà wí. "Kí ẹ tó máa múra ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́, iṣẹ́ wo lẹ̀yin fúnra yín ti ṣe rí?"

Ọ̀gá Ìmúra rọra mi orí. "Ìbéèrè ìjìnlẹ̀..."

"...gbáà nìyẹn!" ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbè é lẹ́yìn.

Máníjà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Nígbà tó rí èémí mí, ó kọjú sí àwọn ọmọ náà. "Ẹ jẹ́ ká gbàgbé bàbá yìí ná. Ta ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́ rí, tó sì tún un ṣe?"

Ọmọ Télọ̀ nawọ́ sókè. "Èmi rèé, mà. Mo gé apá ẹ̀wù oníbàárà kan kúrú. Mo lọ jẹ́wọ́ fún bàbá mi kí n tó gé apá kejì, a sì jọ tún un ṣe."

"Kí ló dé tó ò fi pa á mọ́?"

"Ẹ̀wù náà á tú mi fó lọ́rùn ẹni tó ni ín, mà."

"Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé," ni máníjà wí.

Ni ẹnu bá là. Ọ̀kan ti tú jẹnẹrétọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà palẹ̀, ó sì tò ó padà. Òmíràn ti jó ìkòkò ìrẹsì di dúdú, ó sì ha á títí tó fi rí ìdí rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo wọn ti ríbi kọ́ṣẹ́.

Máníjà kó wọn lọ wo gbọ̀ngàn ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó síbẹ̀ fún ìsinmi ọ̀sán, bẹ́líìtì gígùn tó ń gbé bisikíìtì láti ẹnu ààrò lọ sídìí páálí sì dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀gá Ìmúra rí i pé ìyìn fẹ́ bọ́ sílé onílé. Ló bá gun orí bẹ́líìtì.

"Sà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gùn ún," ni Ọmọ Télọ̀ wí.

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró?" Ó di ojú, nítorí tó bá ń ki ara rẹ̀ kì í la ojú. "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́! Èso iṣẹ́ mi lẹ ń wò yìí! Èmi ni mo gbìn ín, èmi ni mo bomi rin ín..."

Aago dún. Ìsinmi tán. Bẹ́líìtì gbéra, ó ń rìn bí ìgbín.

Nígbà tí ọ̀gá la ojú, ó rí àwọn èèyàn tó ń jìnnà sí i. Inú bí i. "Níbo lẹ ń lọ? Ẹ dúró! Ọ̀rọ̀ mi ò tíì tán!"

"Àwa dúró, sà! Ẹ̀yin lẹ ń lọ!"

Kó tó yíjú, ó ti dé abẹ́ asẹ́ tó ń da ṣúgà. Ṣúgà bo orí, ó bo kóòtù, ó wọ ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ẹ̀rín wó lulẹ̀, máníjà di ògiri mú.

Ìyá àgbà kan ló máa ń jókòó sí ìparí bẹ́líìtì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yọ bisikíìtì tí kò bá dára kúrò kó tó wọ páálí. Ó tẹ bọ́tìnì, bẹ́líìtì dúró. Ó wo ọ̀gá láti òkè délẹ̀, ó fi ìka kan ikùn rẹ̀ wò, ó sì kígbe sọ́hùn-ún:

"Ẹ̀yin ará ìdí ààrò! Èyí ò jinná o! Ẹ wá gbé e padà!"